Ààlè Tí A Pa Sí Oko Iṣu Dókítà

Ẹnu Ìyá Dúpẹ́, obìnrin tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wa, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà òjò ni, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti rọlẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti padà sí kíláàsì. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kékeré kan ni, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé, a sì jọ ń pàdé níbi òkú àti ìgbéyàwó. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà.

"Akọ̀wé, ẹ jókòó ná kí n tó bu oúnjẹ yín," Ìyá Dúpẹ́ wí. "Àwọn kọngílá tó jẹun níbí láàárọ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá fi katapílà wọ́ oko Dókítà lọ́jọ́ Ajé."

"Oko wo?"

"Oko iṣu kẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn ńlá máa wà."

"Wọ́n ń bá yín ṣeré ni."

"Ẹran méjì méjì ni wọ́n jẹ, wọn ò sì ná an. Ẹni tó ń ṣeré a máa ná ẹran, Akọ̀wé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Mi ò lè jẹ ìrẹsì náà tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí oko náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ẹ̀kọ́ wa fi wà bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbàgbé. Omi ò sí, iná ò sí, yàrá ìwádìí wa ti di ibi tí àdán ń sùn. Ìgbà tó yá ni ìjọba gbé owó ìrànwọ́ kan kalẹ̀ fún irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pa tì báyìí, kí àwọn náà lè ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Dókítà Fọláṣadé, olùkọ́ wa kan tó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán, ló kọ̀wé béèrè fún un, ó sì rí i gbà. Kí owó náà tó dé rárá ló ti ń lọ láti ilé dé ilé ní Rore, ní Ìgbàjà, ní Èsìẹ́, tó ń tọrọ èèbù iṣu àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gbàgbé. Ìyá àgbà kan ní Èsìẹ́ fún un ní èèbù iṣu kan tí ẹnikẹ́ni ò gbìn mọ́ àfi òun. Ìyá náà kú kí ọdún tó yípo. Nígbà náà, kò sí ibòmíràn tí irú iṣu yẹn wà láyé lẹ́yìn ebè díẹ̀ nínú oko Dókítà.

Àwọn aṣojú ìjọba sì ń bọ̀ láti Àbújá wá wo iṣẹ́. Bí wọ́n bá rí iṣu tó dúró dáadáa, owó yòókù á jáde, a ó fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a ó sì kọ́ àká. Bí wọn ò bá rí i, ó parí.

Alága ẹgbẹ́ wa àti èmi lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn sórí oko ìwádìí."

"Gbọ̀ngàn Ìwádìí ni a ó máa pè é," ó fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Owó iṣu ni, sà."

"Alága, ẹ gbọ́. Ta ló ń rí iṣu? Abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Bí gómìnà bá dé, ṣé iṣu ni yóò ṣí aṣọ lójú rẹ̀? Ilé ni ojú ń rí. Bí àwọn ará Àbújá bá rí ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n á mọ̀ pé a ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ gbé e síbòmíràn nígbà náà."

"Ibẹ̀ ló tẹ́jú. Ẹ máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnu wa kò kò. Ẹnìkan ní ká daṣẹ́ sílẹ̀, ẹnìkan ní ká gbé páálí. Bàbá Àlàó, ọmọ Rore tó jẹ́ olórí àwọn tó ń roko fún ilé ẹ̀kọ́, dìde nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú.

"Ẹ jẹ́ n lọ pa ààlè sí i."

Alága, tí í ṣe ajíhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, fò dìde. "Bàbá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wá o! A kì í ṣe ẹgbẹ́ awo."

"Irin ni katapílà, Alága. Kò mọ páálí kà. Ọmọ èèyàn ló ń wà á."

Alága mú Bíbélì rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun ò sì rí nǹkan kan, ó kọrí sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a tò síwájú oko. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà lẹ́yìn wa, katapílà ń bọ̀ níwájú, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó na ọwọ́ sí wa bí ẹni ń lé adìẹ. Obìnrin kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ń wo ẹnu irin náà, mo ń wò ó bóyá yóò dúró. Ló bá dúró.

Múrí, awakọ̀ tí wọ́n mú wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ti rí i: màrìwò ọ̀pẹ, ìkarahun ìgbín fífọ́, àkísà pupa, gbogbo rẹ̀ so mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà oko, òmíràn sì wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló dé?" ọ̀gá àgbà pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ̀mí kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ìwọ tó ń lọ mọ́ṣáláṣí!"

"Mọ́ṣáláṣí ni mò ń lọ, sà. Mi ò kí ń lọ síbi tí wọ́n bá ti ní kí n má wọ̀."

Ọ̀gá àgbà yíjú sí àwọn ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì wọn wo ààlè, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní iṣẹ́ àwọn ni kí ìjà má ṣẹlẹ̀, ìjà ò sì ṣẹlẹ̀. Múrí sọ̀ kalẹ̀, ó fi katapílà sílẹ̀ síbẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Orin tí a kọ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ délé ọba.

A rò pé ó ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aroko gbé ọkọ́ wọn dé ẹnu oko, wọ́n sì dúró. Kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n ní ọwọ́ tó so ó ni yóò tú u. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Àlàó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé e ṣubú lóru, apá rẹ̀ kan ti rọ, kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Èpò ń gòkè ebè, ó ń wé mọ́ ọ̀pá iṣu. Alága gbàdúrà níwájú oko, ó gbàdúrà gidi, ṣùgbọ́n kò kọjá igi tí ààlè so mọ́. Dókítà mú ọkọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń wọlé. Àwọn obìnrin aroko kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú.

"Dókítà, ẹ ṣàánú! Ẹni méjì ni yín!"

Oyún rẹ̀ ti hàn nígbà náà. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wo oko tirẹ̀ láti ìta. Ọ̀gá àgbà ń kọjá lọ nínú mọ́tò, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti bá mi ti ilẹ̀kùn."

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn ará Àbújá dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Bàbá Àlàó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni:

"Ṣé ẹ ti ro ó lẹ́ẹ̀kejì?"

"Bàbá, a ò tíì ro ó rárá. Ààlè yín wà níbẹ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀ tó ṣí.

"Olè ni mo pa á fún. Ṣé olè ni olóko?"

Lẹ́yìn náà ló ní kí n ránṣẹ́ sí Màmá Àbẹ̀ní, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Rore, kó wá tú u lórúkọ òun, nítorí ó mọ̀ pé àwọn aroko ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́.

Ọkọ̀ àwọn ará Àbújá ti wà lẹ́nu oko kí ọ̀kadà Màmá Àbẹ̀ní tó dé. Obìnrin kan ni olórí wọn. Ó ń wo igbó tí ó yẹ kó jẹ́ iṣu.

"Ta ló ṣe oko báyìí?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ni," ọ̀gá àgbà yára dáhùn. "Wọ́n so oògùn mọ́ ọn."

"Kí ló dé tí wọ́n fi so ó?"

Dókítà kàn na ìka sí katapílà tó ṣì wà níbi tí Múrí pa á sí, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ebè. Obìnrin náà wò ó, ó yíjú sí ọ̀gá àgbà, kò sì tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Màmá Àbẹ̀ní kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú màrìwò, ó tú àkísà, ó kó wọn sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ebè àkọ́kọ́ báyìí, àwọn aroko rọ́ wọlé tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkọ́. A ro oko náà lójú àwọn ará Àbújá. Àwọn ebè kan ṣì ní iṣu tó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ èpò. Nígbà tí Dókítà dé ibi èèbù ìyá Èsìẹ́, ó fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ ti jẹrà.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé a borí. A borí lóòótọ́: wọn ò kọ́ gbọ̀ngàn náà, ìjọba sì ní owó iṣu gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣu. Àká wa dúró títí dòní, àwọn àgbẹ̀ ń wá gba èèbù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dá owó kànga dúró nítorí oko tí wọ́n bá nínú igbó, kò sì tíì jáde títí di bí mo ti ń kọ èyí. Agbè ni wọ́n ṣì fi ń bu omi sí iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣu Èsìẹ́ sì ti lọ. Kì í ṣe katapílà ló pa á.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Bàbá Àlàó kò ṣe àṣìṣe. Ohun tó so ló gba oko náà là. Àwọn aroko kò ya ọ̀lẹ. Ohun tí bàbá wọn kọ́ wọn ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Síbẹ̀ ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ò sì rí i. Ìwọ ọ̀dọ́ tí mò ń sọ èyí fún, ká ní ìwọ lo wà níbẹ̀, tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, tí ààlè wà níwájú rẹ, tí èpò sì ń gòkè, ṣé wàá wọlé?