Ìkúnlẹ̀ Mi Níwájú Ọ́múdà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí mo rántí jù lọ nínú ọdún mẹ́sàn-án tí mo lò ní Mẹ́kà, ó máa ń retí kí n dárúkọ Káábà. Mo rántí Káábà dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù ni àtẹ̀gùn òkúta kan ní àdúgbò Kákíyà, àti ọkùnrin kan tí mo fẹ́ kí ojú tì níwájú àwọn èèyàn tó ń bọ̀wọ̀ fún un. Ojú tì í. Èmi ni mo ṣe é, inú mi sì ń dùn sí i títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀san náà kò parí síbi tí mo fẹ́ kó parí sí.

Hájì ló gbé èmi àti ọkọ mi débẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń kó àwọn tí a jọ wá padà sílé, àwa kò wọ̀ ọ́. Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń la ọ̀nà. Ẹni tó bá ní apá kò lè ṣàì ríṣẹ́. Ọkọ mi ń ru sìmẹ́ńtì ní Jẹ́dà, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ ni mo ń rí i. Èmi ń fọṣọ fún àwọn onílé; bí àsìkò hájì bá sì tó, mo máa ń bá àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi lọ fọ ìkòkò nínú àwọn àgọ́ Mínà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Bí ọlọ́pàá bá mú ọ láìní in, tárhíìlì ni, wọn á dá ọ padà sílé tìwọ ti aṣọ ọrùn rẹ. Nítorí náà a ń rìn bí ẹni tó jalè, bẹ́ẹ̀ a kò mú nǹkan oníǹkan.

Òkè pátápátá ni a ń gbé, níbi tí ilé ti lẹ̀ mọ́ àpáta. Wáyìtì, ọkọ̀ tó ń gbé omi káàkiri, kì í gun ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí, àwa obìnrin á sì ru omi gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo kà á. Ẹni tó bá ń ru omi lójoojúmọ́ á kà á. Ọ̀nà ẹ̀yìn kan wà tó fẹ̀ tó ọkọ̀ náà, àmọ́ ọkùnrin tí mo ń sọ yìí ti kọ́ ọgbà àgùntàn dí i. Ó ń bọ́ wọn níbẹ̀ títí wọ́n á fi sanra, kó lè kó wọn lọ tà ní Mínà nígbà iléyá. Àgùntàn ń mu omi níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, àwa ń làágùn lórí òkúta.

Àtẹ̀gùn kejìlá ni oyún oṣù márùn-ún ti bàjẹ́ lára mi. Iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an ni. Mo ru gálọ́ọ̀nù kan sórí, mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dùn mí, lẹ́yìn náà mo rí ẹ̀jẹ̀, mo jókòó, omi sì dànù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wò mí, ó yíjú sínú ilé, ó fi Lárúbáwá sọ pé kí ẹnì kan wá gbá omi yẹn kúrò kó má bàa wọ yàrá. Mi ò gbọ́ Lárúbáwá púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dọdẹ rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ohun tó jẹ́ kí inú mi ru jù ni pé ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí lóòótọ́, ó sì ní ìwé ọmọ onílẹ̀, ó ń wọ tóòbù, ẹ̀wù gbọọrọ funfun báláú tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ará Ìwó ni ìyá rẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ rìn gba Sùdáànù wá sí Mẹ́kà kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Òkè lọ́dọ̀ wa ni ìyá náà ń gbé. Ọmọ ti kọ́ ilé tuntun sísàlẹ̀, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́, òun náà sì ti jáwọ́ nínú sísọ ọ́. Ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kì í gun òkè wá. Bí ó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, Lárúbáwá ló fi ń kí i. Bí àwa bá sì kí i ní Àlàájì, tí a rò pé a bu ọlá fún un, kò ní dáhùn. Ní ìlú yẹn, hájì ni ọlọ́jà ń pe àlejò tí kò mọ̀ rí, òun kò sì fẹ́ jẹ́ àlejò.

Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ìyá rẹ̀, yàrá wọn ni a sì ti ń ṣèpàdé lẹ́yìn ìrun Alásárì ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ wa kò ní orúkọ, nítorí ohun tí kò lórúkọ, ọlọ́pàá kò lè pè é. A kò ju méje lọ. Bí ẹnì kan bá kú, àwa la ń wá àwọn tó máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọkọ ẹnì kan, àwa la ń lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àgbà ni olórí, èmi ni ẹlẹ́nu. Akọ̀wé wa ni télọ̀ kan, ọmọ Ìlọrin, tó ń ránṣọ ní Àmáríyà ní Jẹ́dà, tó sì máa ń wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Kákíyà lópin ọ̀sẹ̀. Òun nìkan ló lè kọ Lárúbáwá.

Nígbà tí ara mi yá díẹ̀, mo ní a gbọ́dọ̀ kọ màárúùdù sí ọ́múdà. Màárúùdù ni ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọ́múdà ni baálẹ̀ àdúgbò. Télọ̀ kọ ọ́. Ó gbàdúrà fún ọ́múdà, ó gbàdúrà fún bàbá ọ́múdà àti bàbá bàbá rẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ló tó mẹ́nu kan omi. Ó tún kọ lẹ́tà fá àti káfù bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n ní ilé kéwú Ìlọrin, tí àmì ọ̀kan wà nísàlẹ̀, tí ti èkejì jẹ́ ẹyọ kan lókè, akọ̀wé ọ́múdà sì ń ka ọ̀kan sí èkejì. Ìgbà tó sú ọ́múdà, ó ní kí wọ́n pe àwa tí a kọ ọ́ wá.

Lórí àga gbọọrọ kan níta ilé rẹ̀ ni ọ́múdà máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn àgbà ọkùnrin àdúgbò, ọmọ Ìyá Àgbà sì wà láàrin wọn. Èmi àti télọ̀ dúró. Télọ̀ sọ ọ̀rọ̀ wa. Ọ́múdà kò béèrè ìkámà, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń gbé òkè yẹn lóòótọ́, ọgbà àgùntàn kò lè dí wọn lọ́nà omi. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà, nítorí òun ló ní ìwé, òun ló sì ń gbé nítòsí, ó ní kó jẹ́rìí.

Ọkùnrin náà ní, “Wállàhi, kò sí ẹni tó ń gbé òkè yẹn. Àwọn hájì tó ń kọjá lọ ni. Mi ò mọ̀ wọ́n. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ èdè wọn.”

Télọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí a ṣe ń lọ. Ọ́múdà ti ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a kò bá rí ẹlẹ́rìí tó ní ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. A kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Mo rò ó títí, mo rí i pé ọkùnrin yẹn kan náà ni ẹlẹ́rìí wa. Ahọ́n rẹ̀ ló parọ́, ahọ́n rẹ̀ náà ló máa jẹ́wọ́.

A sọ fún Ìyá Àgbà pé ọmọ wọn kò ràn wá lọ́wọ́. A kò sọ ìbúra náà fún wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá wa lọ.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, mi ò ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè dúró níwájú baálẹ̀ kí n máa tako ọmọ tí mo bí. Ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́.”

N kò bá wọn sọ ọ́ mọ́. N kò sì sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni, títí kan télọ̀, nítorí ojo ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a tún lọ. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀ gígùn ni mo bọ́ bàtà mi. Mo kọjá níwájú ọ́múdà, mo lọ kúnlẹ̀ lórí eékún mi méjèèjì níwájú ọmọ Ìyá Àgbà, mo tẹrí ba bí ìyàwó ilé. Mo sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kíni.

“Ẹ kú ìjókòó o, Àlàájì. Ẹ má bínú. Ìyá yín ṣubú lórí àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ti ń ru omi. Wọ́n ní kí n wá pè yín.”

Irọ́ ni. Ìyá Àgbà wà nílé tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé a kì í fi ẹnu ẹni pe ibi sórí àgbà, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n tilẹ̀ ṣubú lóòótọ́, a kì í là á mọ́ ọmọ lójú báyẹn láàrin àwùjọ. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo ṣe é.

Tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi? Ìyá mi ló ṣubú? Níbo ni wọ́n wà? Ṣé wọ́n ṣì ń mí?”

Bí ará Ìwó ló ṣe sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láìsí Lárúbáwá kankan nínú rẹ̀. Mo gbé ojú sókè wò ó láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kó tó rántí ibi tó wà.

Ọ́múdà bi télọ̀ pé kí ni wọ́n ń sọ, ta ló ṣubú. Télọ̀ tó jẹ́ ojo yẹn, n kò mọ ibi tó ti rí ìgboyà lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ìyá rẹ̀ ni, ọ́múdà. Òkè tí kò sẹ́ni tó ń gbé yẹn ló ń gbé.”

Bàbá arúgbó kan lórí àga náà mi orí, ó ní lá háólà, kò sí agbára bí kò ṣe ti Ọlọ́run. Gbogbo wọn ń wo ẹni tó fi Ọlọ́run búra. Òun kò dúró gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ń sáré lọ, ó ká tóòbù rẹ̀ sókè, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo gbé bàtà náà, mo tẹ̀lé e. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ lórí àtẹ̀gùn tí mo kórìíra yẹn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó ń mí gúle gúle. Ìyá Àgbà jókòó pẹ̀lú àwo ẹ̀wà wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ó wo ìyá rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi. Mo na bàtà sí i, mo ní, “Ẹ gba bàtà yín, Àlàájì.” Ó gbà á, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni àwọn èèyàn ọ́múdà wá wó ọgbà náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wáyìtì gba ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó fa rọ́bà rẹ̀ wọ àgbàlá, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń fi Lárúbáwá pariwo omi, móyà, móyà, lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jókòó lórí àga gbọọrọ náà mọ́. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá kí n lè kí i ní Àlàájì.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tó lọ tán, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, mo jẹ́wọ́. Mo ní mo ti parọ́ mọ́ wọn pé wọ́n ṣubú, kí wọ́n dárí jì mí. Mo ń retí èébú. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Kí ló wí nígbà tí o sọ fún un?”

Mo ní, “Ó bèèrè bóyá ẹ ṣì wà láàyè.”

“Báwo ló ṣe wí i? Ṣé ummí ti Lárúbáwá ló wí?”

“Rárá o, mà. Ìyá mi ló wí.”

Wọ́n ní, “Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Ìyá mi? Ìyá mi ló ṣubú? Níbo ni wọ́n wà? Ṣé wọ́n ṣì ń mí? Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n di ojú wọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọmọ náà ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fa omi kún ìkòkò wọn, wọn kì í dúpẹ́ omi. Wọ́n á ní kí n jókòó, kí n sọ ohun tí ọmọ àwọn wí. N kò dárí ji ọkùnrin yẹn rí, n kò sì ní dárí jì í. Títí tí mo fi kúrò ní Mẹ́kà, èmi ni mo ń fi ohùn rẹ̀ pe ìyá rẹ̀.