Phebe àti Hóró Akéṣíà Mẹ́fà Tó Kù

Nígbà tí wọ́n gé igi akéṣíà iwájú ilé bàbá Phebe ní Iléṣà, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ̀, kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èso rẹ̀ tó ká kò bí etí, ó dì í sínú gèlè, ó sì wọ mọ́tò padà sí Dàda Estate ní Òṣogbo. Ìyá rẹ̀ ló gbin igi náà. Phebe pinnu pé kò ní parẹ́ lójú òun.

Ogún hóró ló rí. Ó gbin méje ní gbígbẹ. Ìkankan kò hù. Ó da omi gbígbóná lé méje mìíràn, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó gbìn ín. Ìyẹn hù. Ṣùgbọ́n ewé wẹ́wẹ́ tó yọ jọ ti patanmọ́, èpò ẹlẹ́gùn-ún tí ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn kó lè pa dé. Phebe kì í gba èpò láyè. Ó fa gbogbo rẹ̀ tu. Ìgbà tó kó wọn dà nù tán ló rí i pé kò sí ẹ̀gún kan lára wọn.

“Màmá Ìmísí, ẹ ra òdòdó mìíràn,” ni Bushrah, aránṣọ tó múlé tì í, wí; orúkọ ọmọ Phebe ló fi ń pè é. “Òdòdó pọ̀ ní títì.”

“Kì í ṣe òdòdó ni mò ń wá. Igi wa ni.”

Ó da omi gbígbóná lé mẹ́fà tó kù. Mẹ́ta hù. Ewé wẹ́wẹ́ tún yọ. Lọ́tẹ̀ yìí Phebe lóṣòó, ó fi ìka kàn án. Kò pa dé. Ó tún kàn án.

“Òṣómàáló!” Bushrah bú sẹ́rìn-ín. “Ìjẹ̀ṣà paraku! Ẹ wá lóṣòó ti ewéko bí ẹni tó ń sin gbèsè!”

“Máa rẹ́rìn-ín. Ta ló fa ti àkọ́kọ́ tu? Èmi náà kọ́?”

Lẹ́yìn oṣù kan, ewé mìíràn yọ lókè, ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tẹ̀ bí dòjé.

“Subhanallah! Igi yín ti yí padà o.”

“Kò yí padà. Ó ń dàgbà ni.” Irú ewé yẹn ni Phebe máa ń gbá láràárọ̀ nígbà èwe rẹ̀.

Ọ̀kan rọ. Ewúrẹ́ Bushrah jẹ ìkejì. Ọjọ́ náà, Bushrah kò rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ru wáyà wá láti fi sọgbà yí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù ká. Phebe ti gbìn ín jìnnà sí òrùlé, nítorí ẹ̀ka akéṣíà kì í pẹ́ dá bí ìjì bá dé.

Lọ́dún kẹta, ó tan òdòdó yẹ́lò títí dé ṣóńṣó.

“Màmá, tó bá so, ẹ fún mi ní hóró díẹ̀.”

“Kọ́kọ́ so ewúrẹ́ rẹ mọ́lẹ̀ ná,” ni Phebe wí.