Ọkọ̀ Tí A Fi Àdúrà Tà

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Ojúṣe ará ìlú ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó pé kí wọ́n má fi ẹnu lásán ṣe àdéhùn. Ìgbà tó wá kàn mí láti ta ọkọ̀ mi, ẹnu lásán náà ni mo fi tà á.

Oníṣòwò kòkó kan ló rà á. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ni, ó sì máa ń ná ọjà Ìṣẹ́ àti Emùré. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, pásítọ̀ fi òróró fa àgbélébùú sójú ọkọ̀ náà, ó fi kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ká ṣí búùtù kí òun lè fi kan táyà ìpààrọ̀. Kò sí jàǹbá tí a kò lé lọ. Bí a ṣe ṣe Àmín ni mo yọ ìwé àdéhùn jáde pẹ̀lú bírò.

Oníbàárà mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Tíṣà, a ti ṣe Àmín tán, uwé kí lẹ tún mú wá? Ṣé uwé ni mo fẹ́ wà àbí ọkọ̀?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo ká ìwé náà padà sínú báàgì mi. Bí ọkọ̀ ṣe lọ nìyẹn, tòun ti orúkọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nínú kíláàsì nígbà tí ọlọ́pàá pè mí láti Emùré. Ó ní mo fi ọkọ̀ mi wó ògiri ilé ìyá kan, mo sì sá lọ. Mo ní kíláàsì ni mo wà. Ó ní gbogbo ẹni tó bá sá ló máa ń wà níbì kan.

Mo pe oníbàárà mi, àwa méjèèjì sì pàdé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Awakọ̀ tó gbé ọkọ̀ náà fún ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Imú ọkọ̀ ti rún. Òróró pásítọ̀ ti parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò parẹ́ nínú ìwé ọkọ̀.

"Ta ló ni ọkọ̀?" ni ọlọ́pàá bi wá.

Oníbàárà mi wolẹ̀. "Orúkọ Tíṣà ló wà nínú uwé."

Inú bí mi. Ẹni tí kò fẹ́ fojú kan ìwé ló wá ń ka ìwé sí mi létí yìí! Ìyá tó ni ògiri jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Èmi ò bèèrè ẹni tó rà á, n ò bèèrè ẹni tó tà á. Ògiri ulé mi ni mo ń bèèrè."

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, èmi ni n ó tún un mọ." Mo na ọwọ́ sí ọlọ́pàá. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi, kí n máa gbé e lọ sílé."

Oníbàárà mi fò dìde. "Háà! Tíṣà! Ọkọ̀ tí mo rà, tí a ti gbàdúrà sí!"

Mo yọ ìwé àdéhùn ọjọ́sí nínú báàgì. Òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ bírò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó buwọ́ lù ú, ó sì gbà láti tún ògiri ìyá mọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí a fi àdúrà díẹ̀ dúpẹ́. Gbogbo wa dìde, títí kan ọlọ́pàá. Mo ṣe Àmín bí i tiwọn, ṣùgbọ́n n ò dijú, ọwọ́ mi sì wà lórí ìwé náà.