Obì Ni, Kì Í Ṣe Làálì

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń sọ gbogbo ọmọ dènìyàn. Mo ti rí èyí tó tẹ ọmọbìnrin rì, mo sì mọ àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣàgámù la wà, ọdún kẹta wa ní girama. Ògiri kan ló pín ilé ọ̀rẹ́ mi àti tiwa. Olóbì ni ìyá rẹ̀, olóbì ni bàbá rẹ̀. Kó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, á ti bá ìyá rẹ̀ bó obì, omi obì á sì ti pa ìka rẹ̀ láró pupa. Kò sí ọmọ olóbì tí ọwọ́ rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀rẹ́ mi ló mú jù! Bí tíṣà bá ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, òun ló máa kọ́kọ́ nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà kẹta yẹn ò rí bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un lójú mi: "Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ò dáa nípa rẹ níbẹ̀, ìwé parí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ògèrè lò ń lọ, wàá máa tajà létí títì." Àwa méjèèjì fi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ni tíṣà obìnrin tuntun kan bá dé, wọ́n ní kó máa mójú tó ìwà wa. Inú ìjọ tí kì í fẹnu kan obì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò mọ ohun tí omi obì ń ṣe sí ọwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí ìlà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tò sí, ó gbá ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mú, ó gbé e sókè.

"Làálì! Ìwọ ọmọ kékeré yìí, o ti ń lé làálì bí ìyàwó. Ta ni ọkọ?"

"Obì ni, mà!" ni mo ké láti ẹ̀yìn. Ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó yọ fóònù, ó ya àwòrán ọwọ́ náà, ó sì fi ránṣẹ́ sójú òpó orí fóònù tí gbogbo àwọn òbí wà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọ̀rẹ́ mi gbé obì wá, wọ́n bó o lójú ọ̀gá àgbà. Tíṣà bẹ̀bẹ̀ nínú ọ́fíìsì pé òun ò mọ̀ ni. Inú ọ́fíìsì! Kò sọ nǹkan kan lórí ìlà, kò kọ nǹkan kan sójú òpó yẹn. Ẹ gbà mí o! Ṣé kọ̀rọ̀ ló ti bú ọmọ ọlọ́mọ ni?

Àwọn ọmọkùnrin sọ ọ̀rẹ́ mi ní Ìyàwó. Ó kọ́kọ́ ń bá wọn jà. Nígbà tó yá, ó kó ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù, kò yọ ọ́ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ki ọwọ́ bọ omi bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, awọ ìka rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lọ́jọ́ mìíràn, tíṣà ìṣirò tún ṣi iṣẹ́ ṣe lójú pátákó, mo wo ọ̀rẹ́ mi, ó wo ilẹ̀. Gbogbo kíláàsì da àṣìṣe náà kọ.

Bàbá rẹ̀ ò tíì mẹ́nu ba Ògèrè ní gbogbo àkókò yìí. Nígbà tí ìsinmi kù díẹ̀, mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ṣé èmi ni mi ò ní mọ obì? Ìdí obì ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ta ni n óò máa ṣàlàyé fún láti ibí dé Ipara?"

Ìyá rẹ̀ ń sunkún, wọ́n ń bẹ bàbá. Mo sáré tọ ọ̀rẹ́ mi lọ ní yàrá. Mo ní kó dìde, ká jọ lọ kúnlẹ̀ fún bàbá, kó sọ fún wọn pé òun fẹ́ kàwé. "Ṣebí ìwọ lo lẹ́nu!"

Ó ní, "Kí ni n óò sọ?"

Kò sunkún. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kó aṣọ sí i tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó dẹrù.