Orúkọ Tí Bàbá Verlie Kò Lè Pè

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo mú ìwé náà wọ ilé wọn. Coral lorúkọ mi. Ilé ìkàwé ìlú Mackay ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nídìí tábìlì tí àwọn ènìyàn ti ń wá tọpa ìran wọn nínú ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú. Mo ti bá àwọn òyìnbó wá baba ńlá wọn tó jí àgùntàn gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba torí rẹ̀ kó wá síbí, wọn á rí i, wọn á máa rẹ́rìn-ín lọ sílé bí ẹni tó jogún. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí ọkọ̀ ojú omi kó bàbá wa láti erékùṣù wá gé ìrèké, bí a bá ń wá ènìyàn wa nínú ìwé ìjọba, ẹkún la máa ń bá pàdé.

Àbúrò bàbá bàbá mi ló bí Verlie, ṣùgbọ́n Àǹtí ni mò ń pè é, nítorí ó fi nǹkan bí ogún ọdún jù mí lọ, kò sì gba ìwọ̀sí. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti lo ogójì ọdún ó dín díẹ̀. Apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì le ju apá lọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan sọ fún un lọ́jọ́ kan pé àwọn aṣọ ibùsùn kò funfun tó. Ó ní, "Mà, ṣé kí n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni àbí kí n fa aṣọ ya? Ẹ mú ọ̀kan." Kò sẹ́ni tó ń fi ebi kúrò nílé rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ó bá bínú tán, kò ní jà mọ́, ṣe ni yóò dákẹ́. Ó lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé máa ń sọ pé òun fẹ́ràn kó fi ìkòkò la òun lórí ju kó dákẹ́ lọ.

Ní ọdún 1973, pásítọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti erékùṣù Ambrym, ibi tí bàbá ìyá Verlie ti wá. Ó ní àwọn ará ilé ṣì ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí ọkọ̀ kó lọ tí wọn kò padà. Ó ní ẹni tó bá mọ orúkọ bàbá rẹ̀ kó kọ̀wé, àwọn yóò bá a wá ìdílé rẹ̀ kàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Verlie ti dúró síwájú tábìlì mi kí n tó bọ́ kóòtù.

"Coral, bá mi wá orúkọ bàbá ìyá mi."

Mo ní ṣebí Toby ni.

"Toby, orúkọ ajá nìyẹn. Olóko ìrèké ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ da ara rẹ̀ láàmú. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo ń wá."

Mo bi í bóyá ó ti béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Bàbá Ezra, àbúrò bàbá bàbá mi, nítorí ará Ambrym lòun náà, ó sì wà láàyè, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó ní òun ti béèrè. Pápá òun ní Toby ni wọ́n ń pè é lóko, ó sì dìde lọ fún adìyẹ lóúnjẹ. Bí bàbá náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn lórí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé. Kò kọ́ ọmọ kankan lédè wọn, nítorí pé tíṣà máa ń na ẹni tó bá sọ ọ́. Àwọn ọmọ Toby fúnra wọn kò mọ orúkọ bàbá wọn, Pápá ni wọ́n ń pè é títí tó fi kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo gbé ètò ìkànìyàn yẹ̀ wò. Iye wa ló wà níbẹ̀, orúkọ wa kò sí, nítorí ìjọba máa ń kà wá tán, kó sì pa ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ run. Mo yẹ ìwé ọkọ̀ ojú omi wò, mo rí Toby mẹ́fà. Ìwé oko ìrèké ní Toby Kìíní àti Toby Kejì, bí ẹni ń ka màlúù. Ìwé ikú nìkan ló kù. Mo kọ̀wé sí Brisbane, ó sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo kà á lórí ìdúró. Ọdún 1931 ni Toby kú. Orúkọ ìdílé: a kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ bàbá rẹ̀: a kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìyá rẹ̀: a kò mọ̀ ọ́n. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó wá sọ fún ìjọba pé ẹnì kan kú, akọ̀wé kọ ọ́ pé: Ezra, ọkọ ọmọ olóògbé. Ezra sì fi ìlà méjì dábùú ara wọn ní ibi ìbuwọ́lùwé.

Mo lè ti ìwé yẹn bọ inú dúrọ́ọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí èmi náà, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi bínú.

Verlie kà á nínú kíṣìnnì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ bá bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti jókòó tó ń bó ọ̀dùnkún. Èmi tẹ̀ lé e.

"Pápá, ta ló lọ sọ fún ìjọba pé bàbá ìyá mi kú?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́?"

Bàbá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọlọ́pàá ń kó àwọn ẹgbẹ́ yín dà sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n padà sí erékùṣù wọn, abẹ́ ibùsùn ta lẹ sá sí? Ó fi yín pamọ́, ó bọ́ yín, ó tún fún yín lọ́mọ rẹ̀ fẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n sin ín bí òkú tí wọ́n rí he lẹ́bàá ọ̀nà."

"Verlie, bàbá ìyá rẹ ni."

"Mo mọ̀ pé bàbá ìyá mi ni. Orúkọ rẹ̀ ni mo bi yín."

"Èmi ò lè sọ ọ́. Lọ bá Caleb ní Farleigh. Caleb á sọ fún ẹ."

Caleb ni ará Ambrym kan ṣoṣo tó kù láyé nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èèyàn wa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí wa.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun nínú àwo rẹ̀," Verlie ní, "ará ìta lẹ wá ń rán mi sí? Ó dáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú, tí wọ́n bi mí lórúkọ yín, èmi náà á ní mi ò mọ̀ yín."

Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i bó ṣe bọ́, mi ò sì gbé ọwọ́ gbà á. Bàbá Ezra mú ọ̀dùnkún mìíràn, ó ń bó o, ó ń bó o, títí tí kò fi ku nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà Verlie dákẹ́ fún bàbá rẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń gé èékánná rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Mo rò pé màá fúnra mi lọ sí Farleigh. Mo ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká sòótọ́, èmi náà gbà pé bàbá náà kàn ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni, pé Caleb kò ní mọ nǹkan kan. Òjò wá dé, omi bo afárá, a sì gbọ́ ní oṣù kejì ọdún pé Caleb ti kú. Verlie ò lọ síbi ìsìnkú náà.

Ní oṣù kẹfà, Bàbá Ezra ò lè dìde mọ́. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì di ọwọ́ mi mú. A ò tíì sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ.

"Coral, ṣé ó ti lọ bá Caleb?"

Mo parọ́ fún un. Mo ní ó ti lọ.

"Ṣé Caleb sọ fún un?"

Mo ní Caleb sọ fún un. Ara rẹ̀ wálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sun oorun tí mi ò rí i kó sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó dákẹ́. Èmi ni mo lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba, nítorí Verlie ní òun ò lọ. Ní itẹ́ òkú, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló dúró sí, kò sì sunkún.

Ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá. Verlie fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹnu rẹ̀ sì ṣì le síbẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣètò ìrìn àjò sí Ambrym, ó ní òun á lọ, pé bí òun ò tiẹ̀ mọ ilé tí bàbá ìyá òun ti wá, kí òun ṣáà fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Èmi ni mo gbé àpótí rẹ̀.

Ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maseng, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wa, ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Wọ́n se laplap fún wa, iṣu rírin tí wọ́n fi ewé wé, tí wọ́n fi òkúta gbígbóná sè. Verlie jẹ ẹ́, ó yìn ín. Maseng ní bàbá ìyàwó òun tó kú lọ́dún tó kọjá ló fún òun ní èbù iṣu náà. Verlie ní kó sọ orúkọ rẹ̀ kí òun lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Maseng dorí kodò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge, ó ní kí ìyàwó òun pè é. Ìyàwó rẹ̀ pè é.

Verlie bi Maseng pé kí ló dé tí kò lè fúnra rẹ̀ pè é.

"Ẹni tó fún mi níyàwó?" Maseng ní. "Bí mo bá fi ẹnu mi pe orúkọ rẹ̀, mo bú u nìyẹn. Àti òun àti gbogbo ilé rẹ̀. Ó dáa kí n bu ahọ́n mi jẹ."

"Tí ìjọba bá bi yín ńkọ́?"

"Wọ́n bi mí nígbà tó kú. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó mọ̀. Ó ní kí n lọ mú ẹni tó lè pè é wá."

Verlie gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yíjú sí mi.

"Coral, kí ni Pápá wí lọ́jọ́ yẹn?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo ní, ó ní bàbá ìyá rẹ ni.

Bàbá Ezra ti sọ ìdí rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ yẹn, pé bàbá ìyàwó òun ni, ó sì tún sọ ẹni tó lè bá òun pè é. Ọkùnrin náà jókòó, ọmọ rẹ̀ ń tutọ́ sí i lójú, ó sì fara dà á kó má baà bú ẹni tó gbà á là. Ní ọ́fíìsì Mackay lọ́dún 1931, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó lọ mú ẹlòmíràn wá. Verlie kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé iwájú orí lé ilẹ̀, ìyàwó Maseng sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ìlú pe jọ. Baálẹ̀ ní àwọn ò gbàgbé àwọn ọmọ tó lọ. Ó ka orúkọ wọn lórí ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n ní apá ibẹ̀. Ó wá bi Verlie pé èwo ni tirẹ̀ nínú wọn.

Ó ní kí baálẹ̀ jọ̀ọ́ tún un kà. Baálẹ̀ tún un kà. Verlie ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí etí rẹ̀ di, ó ń retí kí ọ̀kan nínú orúkọ náà dá òun mọ̀. Ìyá arúgbó kan dìde, ọmọ ọmọ àbúrò ọ̀kan nínú àwọn tó lọ ni. Ó wá di ọwọ́ Verlie mú.

"Ìyá ìyá mi jókòó sí etíkun títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń retí. Ọmọ mi, ṣé tiwa ni ọ́?"

"Mi ò mọ̀, Mà," Verlie ní. "Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Ó rán mi sí ẹni tó máa sọ fún mi. Mi ò lọ."

Ìyá náà jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó padà lọ jókòó. Mi ò bá a wí. Kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe?

Ọdún márùn-ún ni Verlie lò lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó ní kí n kọ orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sílẹ̀, ó kọ́ wọn sórí. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, kí a tó jẹun, yóò pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan nínú àdúrà, yóò ní, "Olúwa, ọ̀kan nínú wọn ni tèmi. Ìwọ mọ̀ ọ́n." A ó ṣe àmín, a ó sì gbé ṣíbí. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé kò pe Bàbá Ezra rí, kì í pè é nínú àdúrà, kì í sì í pè é nínú ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan mo bi í.

"Àǹtí, Pápá ńkọ́? Ẹ ò pe Pápá."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, Coral. Mo sọ ọ́ lójú ẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pè é?"