Ẹ̀kọ́ Tí A Fi Ń Gba Àlejò

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe tíṣà rí ní agbègbè wa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ ń díbọ́n pé òun kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la ní ẹ̀kọ́ kan tí a tọ́jú pamọ́ de ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá yọjú, bí ìyàwó ilé ṣe ń tọ́jú abọ́ tó dára jù de àlejò. A ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a ó ti ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí, a ó sì ti mọ ọmọ tí yóò dáhùn ìbéèrè wo. Bí àlejò bá ti wọlé báyìí, ẹ̀kọ́ tó kàn lọ́jọ́ náà á sún sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ àlejò á bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́. Èmi náà kò pè é bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tó di pé èmi gan-an ni àlejò.

Mo ti ṣe tíṣà ní Ìkìrun fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó yàn mí mọ́ àwọn tí yóò máa káàkiri àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Ìkìrun dé Inísà, láti Inísà dé Òkukù. Wọ́n kó wa jọ, wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé a kì í ṣe ìnsípẹ́kítọ̀ o, pé iṣẹ́ wa ni kí a ran tíṣà àti ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ wọn lè dára sí i. Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ra bírò pupa méjì. Inú mi máa ń tètè ru, ó sì máa ń dùn mọ́ mi kí n ká ènìyàn mọ́ ibi tó ti ń ṣe màgòmágó. Ìyá mi bá mi wí nítorí ìwà yẹn títí ó fi sú wọn.

Ilé ìwé kẹta tí mo dé wà ní Òkukù. Ọ̀gá ilé ìwé náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n fi í sípò. Ó mú mi lọ sí kíláàsì kẹta. Màmá tó ń kọ́ wọn jù mí lọ dáadáa, irun wọn ti funfun lábẹ́ gèlè, ó sì ku ọdún díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí mi, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà ara ohun ọ̀gbìn ni. Màmá mú igi àgbàdo kan tí wọ́n fà tu tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Wọn kò tíì gbé e sókè tán tí ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú fi pariwo pé, "Gbòǹgbò, mà!"

Màmá ní, "Mi ò tíì bi yín."

Ọmọ náà ní, "Igi rẹ̀ ló kàn, mà. Lẹ́yìn náà, ewé."

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo bọ́ síwájú. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí?" Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó?" Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn là mí lóye pé nígbà tí àlejò ìjẹta wá, àgbàdo náà ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo wá kọjú sí màmá lójú gbogbo wọn, mo ní, "Mà, ẹ ò rí mi tàn jẹ. Ara yín lẹ tàn." Màmá rọra gbé igi àgbàdo náà sórí tábìlì, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára aṣọ, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo fi bírò pupa kọ ojú ewé méjì kún nípa wọn. Mo padà sí Ìkìrun, mo jẹun yó, mo sì sùn dáadáa.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀gá ilé ìwé náà fi wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sí etí àga, ó ń fi ọwọ́ fa etí ìborùn rẹ̀.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, wàhálà kan ló gbé mi wá. Màmá kíláàsì kẹta fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀."

Mo ní, "Nítorí kí ni?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ wá yẹn, mà, bí wọ́n bá fẹ́ rán àwọn ọmọ létí ẹ̀kọ́ àná, àwọn ọmọ á ní, 'A ti gbọ́ ọ rí, mà!' Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Màmá nà wọ́n títí, àwọn ọmọ ò jáwọ́. Ni màmá ò bá rán wọn létí nǹkan kan mọ́. Nígbà tó yá, wọn ò bi wọ́n ní ìbéèrè mọ́. Báyìí, wọ́n kàn ń da ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ sójú pátákó ni, wọ́n á jókòó. Wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà pé àwọn fẹ́ lọ kí àsìkò àwọn tó pé."

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé irọ́ ni mo wá pa mọ́ wọn ni?"

Ó ní, "Rárá, mà. Òótọ́ lẹ sọ."

Ó ní bí màmá bá lọ, òun ò rí ẹni tí òun máa fi rọ́pò wọn. Kíláàsì kẹta máa wọ inú kíláàsì kẹrin ni, àwọn yẹn sì ti ń jókòó mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan. Ó ní, "Màmá ni wọ́n ń dúró kọ́ àwọn ọmọ tí ò mọ̀wé kà lẹ́yìn tí a bá ti jáde, mà. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Ọmọ tó pariwo gbòǹgbò lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò mọ A yàtọ̀ sí B. Wàláhì, mi ò tíì mọ ọ̀gá ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo máa pàdánù. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́."

Mo ní kó máa lọ, pé màá ronú sí i. Ká má parọ́, kì í ṣe ìrònú ló wà lọ́kàn mi. Ẹni tí yóò gbè mí lẹ́yìn ni mò ń wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ọkọ̀ kọ́rópe lọ sí Inísà lọ́jọ́ Sátidé, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́. Àwọn ni ọ̀gá ilé ìwé tí mo kọ́kọ́ ṣe tíṣà sí ní Ìkìrun. Wọ́n ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Mo bá wọn ní iwájú ilé wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mo ro ti àgbàdo, mo ro ti lẹ́tà, mo ń retí kí wọ́n sọ pé mo ṣe dáadáa. Wọn kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà.

Wọ́n ní, "Kí nìwọ fi ń gba àlejò nígbà tìrẹ?"

Mo ní, "Agogo ni, mà." Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gé agogo ńlá kan láti ara páálí, mo fi ìṣó kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wo aago. Ìnsípẹ́kítọ̀ wá, ó wò ó, ó yìn mí. Àwọn ọmọ mi nílé mọ ìtàn náà. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé orí ìyá wọn pé.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ tí o pè síwájú lọ́jọ́ yẹn ti ní aago mẹ́ta lù kí o tó yí ọwọ́ agogo rárá. Bàbá ìnsípẹ́kítọ̀ yẹn rí i. Èmi náà rí i."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá náà wọ ọ́fíìsì mi, ó tilẹ̀kùn. Èmi ti rò pé ó fẹ́ kọ nǹkan burúkú nípa rẹ, mo ti fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Ọmọ yìí ń bẹ̀rù wa ni. Ẹ jẹ́ kó ṣì máa rò pé òun tàn mí. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, á mọ iṣẹ́.' Ó wá ní kí n máa wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa tún èyí tó bá wọ́ ṣe fún ọ nígbà tó bá ku àwa méjì."

Mo rántí. Wọ́n máa ń wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì mi lóòótọ́, pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Mo rò pé ọ́fíìsì wọn ló ń mú ooru. Lẹ́yìn tí a bá jáde, wọ́n á ní, "Gbìyànjú báyìí lọ́la," wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń gbé àṣírí tí àwọn méjì bá mi bò kiri bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Mo sunkún níwájú ilé náà, ojú kò tì mí. Bàbá yẹn ti kú, mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá mi bí ọkùnrin, wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́.

Mo ní, "Mà, ṣé kí n lọ bẹ̀ wọ́n nílé?"

Wọ́n ní, "Ṣé ilé lo ti bú wọn ni?"

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì kẹta ní Òkukù, ọ̀gá ilé ìwé tẹ̀lé mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú màmá, lójú àwọn ọmọ. Màmá fò dìde, wọ́n ní, "Háà! Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Mi ò dìde títí mo fi sọ tẹnu mi. Mo ní mo ṣẹ̀ wọ́n. Mo sọ ìtàn agogo fún àwọn ọmọ, mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà ṣe é nígbà tí mo jẹ́ tíṣà, àti pé àwọn àgbà méjì rí mi, wọn kò sì dójú tì mí. Ọmọbìnrin iwájú yẹn nawọ́. Ó ní, "Ṣé wọ́n nà yín, mà?" Mo ní, "Rárá. Wọ́n kọ́ mi." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo bi màmá léèrè ẹ̀kọ́ tó le jù fún wọn láti kọ́ni. Wọ́n gbé ìwé ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìdá nínú ìṣirò ni. Ìdajì, ìdá mẹ́rin. Bí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìwé, mo máa ń fò ó ni."

Ọ̀gá ilé ìwé ní, "Èmi náà máa ń fò ó, mà, kí wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá." Ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bú sẹ́rìn-ín. A jókòó, a jọ kọ nóòtù ẹ̀kọ́ náà.

Lọ́jọ́rú, màmá gbé búrẹ́dì kan wọ kíláàsì, wọ́n ní àwọn fẹ́ pín in sí mẹ́rin. Ọ̀bẹ yà. Ariwo sọ: "Kò dọ́gba, mà!" Màmá dúró, wọ́n wo ojú mi. Ẹnu ń yún mi, mo fi eyín di ahọ́n mú. Màmá yíjú sí àwọn ọmọ, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, kò dọ́gba. Ẹ wá fi hàn mí bó ṣe yẹ kó rí." Àwọn ọmọ pé lé tábìlì náà lórí. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi okùn wọn búrẹ́dì, kí wọ́n ká okùn náà sí méjì, kí wọ́n tún un ká. Kí agogo tó lù, wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a bá ṣáà ti gé sí mẹ́rin ni ìdá mẹ́rin, àfi bí ó bá dọ́gba. Èmi kì bá tí lè kọ́ wọn dáadáa tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀bẹ tèmi kò ní yà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí lẹ́tà yẹ kó lọ, mo ti dé Òkukù kí wọ́n tó jáde. Ọ̀gá ilé ìwé ní màmá ti gba lẹ́tà wọn padà láàárọ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Alihamudulilai," ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹta láti dúpẹ́. Màmá kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìdá mẹ́jọ ni mo fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé, mà. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ wá."