Ìjọba Ní A Ti Gbowó

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má fi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ ọdún ni mo bá dé Apòmù. Apá Ìgbómìnà la ti wá, èmi àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi tèmi, nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ayé òyìnbó ni. Kòkó ń pawó, àwọn tó loko ò roko fúnra wọn mọ́. Yorùbá là ń sọ, Yorùbá làwọn náà ń sọ, àmọ́ òyìnbó ti la ilẹ̀, ó ti fi tiwa sápá Òkè Ọya. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wá ní àlejò. Tí wọn ò bá pè wá ní àlejò, wọ́n á pè wá ní lébìrà.

Bí wọ́n ṣe ń gba lébìrà nígbà yẹn nìyí. Olóko á fún ẹ ní àdá tuntun lójú ẹlẹ́rìí. Á fún ẹ níbi tí wàá sùn ní abà, á máa fún ẹ lóúnjẹ. Owó ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí ọdún á fi yípo, tí wọ́n á fi ta kòkó tán. Lọ́jọ́ náà, wàá mú àdá yẹn wá. Á ti jẹ, ojú ẹ̀ á ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Wàá gbé e sílẹ̀, olóko á sanwó fún ẹ. Kò sí ìwé. Ẹni tí àdá ẹ̀ bá ti wà lọ́dọ̀ olóko ti gbowó. Apòmù mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìkirè mọ̀ bẹ́ẹ̀, títí dé Orílẹ̀-Òwu.

Ọ̀gá tèmi kì í pariwo. Sáfù iwájú ló máa ń wà ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. "Ọmọ mi" ló ń pè mí. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

Owó ọdún yẹn, ìyàwó ni mo fẹ́ fi gbé. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ti sọ fún ìyá mi pé àwọn á dúró dè mí di ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ò ní dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi ti ra àmù tuntun sílẹ̀ de ìyàwó náà.

Ó kù díẹ̀ kọ́dún pé, olè bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó lórí ẹní tí wọ́n sá a sí. Wọ́n ní àlejò ni. Aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn wá sílé, wọ́n ké sí i. Ó ní òun á bi ìjọba: ta ni olè kòkó? Àwọn àlejò tó ń rọ́ wọlé, ta ló ń kà wọ́n? Owó iṣẹ́ wọn, ṣé ó ń pé wọn lọ́wọ́, àbí torí pé kò pé ni wọ́n ṣe ń jalè? Ó sì bi í lóòótọ́.

Ìjọba ò mọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Òyìnbó bi àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn yẹn bi káńsù, káńsù rán akọ̀wé, akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́ wá bi àwọn olóko. Ibi tí ìbéèrè ti jáde ló padà sí.

Ọ̀gá mi ti gbọ́ kí akọ̀wé tó dé. Ó bá wa níbi tá a ti ń fọ́ kòkó.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ń bọ̀ láti káńsù. Olè kòkó ni wọ́n ń wá. Àlejò tí wọ́n bá bá àdá lọ́wọ́ ẹ̀, Ìkirè ni wọ́n ń mú un lọ."

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ní, "Bàbá, lébìrà tí ò ní àdá, kí ló ń ṣe lóko?"

"Ó ń jẹ iṣu mi."

A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Tí wọ́n bá ti lọ, ẹ wá kó wọn."

A kó wọn fún un. Èmi tiẹ̀ fi ewé nu tèmi kí n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rù ló bà wá. Ẹni tí kì í ṣọmọ ìlú, tí wọ́n bá ti pè é lólè, ó ti jalè nìyẹn.

Akọ̀wé dé, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún. Kò dé ọ̀dọ̀ wa, torí ẹrẹ̀. Ọ̀gá mi ṣílẹ̀kùn yàrá, ó fi àwọn àdá hàn án lára ògiri.

"Àdá wọn nìyẹn, akọ̀wé. Gbogbo wọn ti gbowó."

Ọmọ ìlú lakọ̀wé, ó mọ àṣà. Ó mi orí, ó kọ nǹkan, wọ́n fún un lágbàdo sísun, ó lọ. Mo ti yọ́ dé ẹ̀yìn ògiri, mo gbọ́ ohun tí ọ̀gá mi sọ. Mo rò pé torí tiwa ló ṣe parọ́.

Akọ̀wé lọ tán, a ní ká wá mú àdá wa. Ọ̀gá mi wò wá.

"Àdá wo? Àbí ẹ tún fẹ́ ṣiṣẹ́ ọdún mìíràn?"

A tọ ẹlẹ́rìí lọ. Ẹlẹ́rìí ní, "Ọ̀dọ̀ ta ni àdá wà?"

Àwọn yòókù di ẹrù wọn. Èmi ò lọ. Mo ní ìjọba tí wọ́n bi léèrè, á dáhùn. Mò ń ru ẹrù lọ́jà Ìkirè, mò ń dúró de ìdáhùn.

Aṣojú mú un dé. Iwájú kọ́ọ̀tù Ìkirè ni àwọn olóko àti ará ìlú péjọ sí. Ó ń ka gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀ ẹ̀. Iye àlejò, ìjọba ní òun ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Olè kòkó, ìjọba ní àwọn akọ́dà ń wá wọn. Owó lébìrà, ìjọba ní òun ti ṣèwádìí, gbogbo wọn ló ti gbowó wọn pé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde.

"Ẹ má bínú sà. Wọn ò sanwó fún mi."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo kà?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ìjọba ní o ti gbowó."

"Èmi ni mo ṣiṣẹ́, sà. N ò gbà á."

"Ìjọba ló wá ń purọ́?"

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, "Ẹ bi í, àdá ẹ̀ dà?"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi ni. Ẹ má bínú sí i. Ó ti náwó ẹ̀ tán, ojú ló ń tì í láti délé."

Àánú mi wá ṣe wọ́n. Ẹnì kan tiẹ̀ ju kọ́bọ̀ kan sí mi.

Akọ́dà dì mí lápá. "Ta ni ọ̀gá ẹ báyìí?"

Mo ní mi ò ní ọ̀gá.

"Àlejò tí ò níṣẹ́, tí ò lọ́gàá. Irú yín gan-an là ń wá."

Wọ́n tì mí mọ́ ẹ̀yìn kọ́ọ̀tù. Wọ́n ní àfi tí mo bá rí onílé tó máa dúró fún mi. Onílé wo ni mo mọ̀? Ọ̀gá mi kan náà ló wá. Ó mú àdá mi dání, èyí tó ti jẹ tán. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú akọ́dà àti ẹlẹ́rìí, ó níṣẹ́ ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Ọdún yẹn, abẹ́ orí mi ni mò ń gbé àdá sí tí mo bá sùn. Ó sanwó ọdún kejì yẹn, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà fún ẹlòmíràn. N ò lè délé mọ́, ni mo fi di ará Apòmù, ni wọ́n fi bí ìwọ náà síbí.

Àmù yẹn, wọ́n ní ìyá mi nìkan ló ń mumi nínú ẹ̀ títí ó fi kú.